Ṣé Wọ́n Pa Á Rẹ́ Ni, Àbí Wọ́n Sún Un Síwájú?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti dójú tì mí rí níwájú àwọn àgbà ìlú wa. Ìlú kékeré kan létí òkun ni, nínú àwọn ìlú orí omi Ìlàjẹ tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà náà, èmi sì ni mo ń bá wọn ka lẹ́tà. Epo rọ̀bì dà sínú omi, ó ba àwọ̀n jẹ́, àwọn kan sì kọ̀wé pé àwọn yóò wá wo ohun tí ó bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, lẹ́tà kejì dé: "The visit has been put off till the 14th."

"Put off the light" ni mo ti gbọ́ ní ilé-ìwé, pa iná ni. Mo bá là á fún wọn pé wọ́n ti pa ìbẹ̀wò náà rẹ́. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n kó àwọ̀n, wọ́n gba ojú òkun lọ. Nígbà tí àwọn àlejò dé ní ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n bá nílé. Wọ́n kọ ìwọ̀nba tí wọ́n rí, wọ́n padà. Ẹnikẹ́ni kò nà mí. Bàbá mi kàn béèrè pé, "Ìwé tí o kà yìí, ṣé o gbọ́ ọ ni?"

N kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn "off" tí n kò kà sí, èyí ni "till". Ta ni í pa nǹkan rẹ́ títí di ọjọ́ kẹrìnlá?

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa mú ọ̀rọ̀-ìṣe kúkurú, wọn a so "off", "out" tàbí "up" mọ́ ọn, ìtumọ̀ rẹ̀ a sì yí padà. "Put out the fire", iná ni a pa. "The boat put out to sea", ọkọ̀ ni ó ṣí kúrò ní èbúté. "He was put out", inú ni ó bí i. Ẹni tí ó mọ "put", tí ó sì mọ "out", kò tíì mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa náà kò kúkú ṣàì ṣe bẹ́ẹ̀. Àjèjì tí ó kọ́ "pa" gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń ṣe sí ewúrẹ́ yóò gbọ́ pé a pa àlọ́, a pa ẹnu mọ́, a sì pa owó lọ́jà!

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là wa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ̀ wò nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966, lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A ń sọ pé "ó bà á jẹ́". Bákan náà ni "put it off", nítorí "put off it" kò sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì gba "put the visit off" àti "put off the visit", nígbà tí Yorùbá kò gba "ó bàjẹ́ iṣẹ́". "Look after him" ní tirẹ̀ kò ṣeé là rárá. Nítorí náà ni n kò ṣe fẹ́ràn àkọsórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi gbólóhùn ni kí a máa kọ́.

Ọ̀fìn kan tún wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an ń jìn sí. Bí a bá sún ìpàdé síwájú, ọjọ́ rẹ̀ jìnnà sí i. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá "bring forward" ìpàdé kan náà, ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ tòsí ni. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, ìpàdé ti tú kí ó tó dé.

Kì í ṣe pé èdè abínibí ni ó fa ìṣòro yìí. Nínú ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò kẹ́yìn ti ẹgbẹ́ wọn.

Bí mo bá délé, wọ́n ṣì ń gbé lẹ́tà fún mi. Mo máa ń kà á tán pátápátá kí n tó la ẹnu. Bàbá mi a sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ọjọ́ kankan wà nínú rẹ̀.