Àpò Omi Inú Ilé Ẹyin Obìnrin: Ìrora Rẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Bíbí

Nígbà tí a bá sọ fún obìnrin kan ní ilé ìwòsàn pé àpò omi kan wà nínú ilé ẹyin rẹ̀, ìbéèrè méjì ni ó máa ń gbé padà sílé. Èkínní ni bí ìrora tí ń mú un ní ìsàlẹ̀ ikùn yóò ṣe tán. Èkejì ni bóyá òun yóò lè bímọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èkejì ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè, nígbà mìíràn kí ẹni tí inú ń run tó ráyè jókòó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọkọ, ìyá ọkọ àti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ohun tí àpò omi yìí jẹ́. Púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù tí ó yí i ká ni kò ní ìdí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó léwu ní tòótọ́ sì ní àmì tí a lè fi dá a mọ̀.

Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé ọmọ, èkejì ní apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju awẹ́ obì kan lọ. Lóṣooṣù, láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ títí di ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àpò kékeré kan tí ó kún fún omi máa ń wú lára ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹyin wọ̀nyí. Inú omi náà ni ẹyin tí ó lè di ọmọ wà. Bí àpò náà bá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, yóò bẹ́, ẹyin yóò sì jáde bọ́ sí ọ̀nà tí ó lọ sí ilé ọmọ. Ojú ibi tí ó ti bẹ́ yóò padà dì, yóò sì máa sun èròjà tí ilé ọmọ nílò láti gba oyún dúró. Bí oyún kò bá sí, yóò súnkì. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé obìnrin náà mọ̀.

Nítorí náà, àpò omi nínú ilé ẹyin kì í ṣe ohun àjèjì. Nígbà mìíràn, àpò ti oṣù kan yóò kọ̀ láti bẹ́, yóò sì máa wú sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èyí tí ó ti bẹ́ yóò dì, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ yóò sì kún inú rẹ̀. Irú méjèèjì yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì ń rí nǹkan oṣù wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í fa ìrora rárá, wọ́n sì máa ń lọ fúnra wọn láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ta ewúrẹ́ rẹ̀ láti ra oògùn tí yóò yọ́ irú àpò bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí i pé ó ti lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oògùn náà ni yóò máa yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ì bá ti lọ bákan náà bí ó bá ṣe omi tútù nìkan ni ó mu. Kódà oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí àwọn dókítà tìkára wọn ti fún àwọn obìnrin lò nítorí rẹ̀, ìwádìí ti fi hàn pé kì í mú àpò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ yára lọ.

Àwọn irú mìíràn wà tí kì í lọ fúnra wọn. Ọ̀kan nínú wọn lè dá ìjà ńlá sílẹ̀ nínú agbo ilé nítorí ohun tí a máa ń bá nínú rẹ̀. Bí dókítà bá yọ ọ́ tí ó là á, ó lè rí ọ̀rá, irun gígùn, àti eyín pàápàá. Ẹni tí ó bá rí èyí láìsí àlàyé yóò wí pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé orogún ni ó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹyin inú ilé ẹyin ní agbára láti di odindi ènìyàn, pẹ̀lú awọ, irun, eyín àti egungun. Nígbà mìíràn ọ̀kan nínú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìsí àtọ̀ ọkùnrin àti láìsí ètò, yóò sì hu irun àti eyín jọ sí ojú kan. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin, díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń dàgbà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó tó di jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́.

Irú kejì ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́, tí ó dúdú tí ó sì ki bí ọ̀dà, wà nínú rẹ̀. Ó máa ń wá nígbà tí ohun tí ó jọ awọ inú ilé ọmọ bá hù sí ìta ilé ọmọ, tí òun náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti rí ọ̀nà jáde. Inú rírun rẹ̀ máa ń le nígbà nǹkan oṣù, ó sì lè dun obìnrin nígbà tí ó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Àìsàn yìí ni a máa ń fojú fò dá, nítorí a ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n fara dà á, pé bí wọ́n bá ti bímọ yóò lọ. Inú rírun tí ń dá ọmọbìnrin dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, tí kò jẹ́ kí ó lè lọ sí ilé-ìwé tàbí sí ọjà, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fara dà láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú kẹta máa ń kún fún omi tàbí ohun tí ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi rò pé oyún ni. Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ní 1809. Ikùn obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Todd Crawford, ẹni ọdún 46, wú títí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ fi gbà pé oyún tí ó ti kọjá àkókò ni. Dókítà Ephraim McDowell yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe oyún, pé ilé ẹyin rẹ̀ ni ó wú, àti pé iṣẹ́ abẹ tí òun fẹ́ ṣe jẹ́ ìdánwò lásán. Obìnrin náà gun ẹṣin ní ibùsọ̀ 60 lọ sí ilé dókítà náà ní ìlú Danville. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún náà ni a là á nínú láìsí oògùn oorun, nítorí a kò tíì mọ̀ ọ́n lò nígbà náà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni iṣẹ́ náà gbà, ohun tí a sì yọ lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 10. Lẹ́yìn ọjọ́ 5, dókítà bá a níbi tí ó ti dìde tí ó ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó tún lo ọdún 32 sí i láyé.

Ní ayé ìgbà náà, dókítà kò lè rí ohun tí ó wà nínú ikùn àfi bí ó bá là á. Ọ̀nà mìíràn ṣí ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Àwọn oníṣẹ́ irin ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán, tí ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ṣiṣẹ́. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú rẹ̀ fún ikùn ènìyàn, wọ́n sì kọ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 1958. Lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni obìnrin kan tí a ti gbà pé jẹjẹrẹ inú tí kò ní àtúnṣe ni yóò pa. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé àpò omi ńlá ti ilé ẹyin ni. A yọ ọ́, ara obìnrin náà sì dá.

Ẹ̀rọ yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní síkáànì lónìí. Kì í dun ènìyàn, kò sì ní ìtànṣán bí ti ẹ̀rọ X-ray. A lè ní kí obìnrin mu omi púpọ̀ kí ó má sì tíì tọ̀, nítorí pé bí àpò ìtọ̀ bá kún, àwòrán ilé ẹyin yóò hàn kedere. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n àpò náà, ẹ̀gbẹ́ tí ó wà, àti bóyá omi lásán ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ẹran líle wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti ìrora, èyí tí ó wọ́pọ̀ kì í le púpọ̀. Ó dà bí ìwúwo ní ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ojú ibẹ̀, máa ń tù ú. Paracetamol dára pẹ̀lú: fún àgbàlagbà, hóró 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, kí ó tó wákàtí 4 ó kéré tán kí a tó tún lò ó, kí ó má sì ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen wúlò fún inú rírun nǹkan oṣù, lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí tí ó fura pé òun lóyún, kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣègùn. Ó dára kí obìnrin máa fa ìlà sí ara kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ tí inú bá run ún àti ní ọjọ́ tí ó bá rí nǹkan oṣù rẹ̀. Irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ti oṣù mẹ́ta yóò sọ fún dókítà ju ohun tí ẹnu lè rántí lọ.

Ṣùgbọ́n ìrora kan wà tí a kò gbọdọ̀ jókòó máa fi omi gbígbóná tù. Ilé ẹyin so rọ̀ bí èso lára ẹ̀ka. Bí àpò tí ó wà lára rẹ̀ bá tóbi, pàápàá bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó lè yí po kí ó sì lọ́ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ibẹ̀. Ìrora náà yóò dé lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò le koko, èébì yóò sì máa bá a rìn. Ó lè dẹ̀ kí ó tún padà. Bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn, dókítà lè tú u, kí ilé ẹyin sì yè. Bí ó bá pẹ́, ilé ẹyin yóò kú. Wákàtí ni a fi ń ka èyí, kì í ṣe ọjọ́. Àpò náà sì lè bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sínú ikùn. Òòyì, ìdákú, ikùn tí ó le, àti ìrora tí ó gun èjìká ni àmì rẹ̀. Àmì wọ̀nyí náà ni ti oyún tí ó dúró sí ìta ilé ọmọ, èyí tí ń pa ènìyàn, nítorí náà kí a má ṣe dúró láti mọ èwo ni.

Kí a wá ọkọ̀. Kí a má fi ọwọ́ wọ́ ikùn rẹ̀, kí a má sì fún un ní àgbo tàbí oúnjẹ lójú ọ̀nà, nítorí ó yẹ kí ikùn ẹni tí a óò fún ní oògùn oorun ṣófo. Kí ẹni tí ó bá tẹ̀lé e mọ ọjọ́ tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkọ tí ó bá sì ń lọ sùn ní oko ọ̀nà jíjìn, kí ó ti fi owó ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì ti sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má ṣe dúró de òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Àpò omi tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ń wá tí ń lọ, kì í sọ obìnrin di àgàn. A tilẹ̀ máa ń rí irú rẹ̀ lára aboyún ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, nítorí òun ni ó ń sun èròjà tí ó gba oyún dúró títí ibi ọmọ yóò fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí a bá sì ní láti yọ ilé ẹyin kan pátápátá, èkejì yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Nǹkan oṣù yóò máa wá, obìnrin náà sì lè lóyún.

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra ni iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Abẹ tí ó yọ àpò lè mú díẹ̀ lọ nínú àwọn ẹyin tí ó kù, pàápàá nínú irú tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ wà. Àìsàn irú yìí tìkára rẹ̀ sì lè mú kí oyún pẹ́ kí ó tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní i ni ó ń bímọ. Obìnrin tí ó ṣì ń fẹ́ ọmọ gbọdọ̀ sọ ọ́ kedere kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: ṣé àpò nìkan ni a óò yọ, tàbí odindi ilé ẹyin? Ǹjẹ́ a lè dúró kí a tún wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀? Dókítà rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ yàtọ̀; bí ikùn rẹ̀ bá ń wú, tàbí tí oúnjẹ díẹ̀ bá ń yó o, kí ó má fi falẹ̀, nítorí àkókò yìí ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin wọ́pọ̀ jù.

Àwọn ènìyàn máa ń da àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS pọ̀ mọ́ èyí. Nínú rẹ̀, àwọn àpò kéékèèké púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dàgbà tó láti bẹ́. Nǹkan oṣù kì í wá déédéé, irun lè hù ní àgbọ̀n obìnrin náà, ó sì lè máa sanra. Kì í ṣe abẹ ni a kọ́kọ́ ń lò sí i. Oògùn bíi letrozole wà tí dókítà lè fún un láti mú kí ẹyin jáde, púpọ̀ nínú àwọn tí ó lò ó ni ó sì ti lóyún.

Bí tọkọtaya bá ti ń bá ara wọn pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìlo ohun ìfètò, tí oyún kò dé, kí àwọn méjèèjì lọ rí dókítà. Bí obìnrin bá ti ju ọdún 35 lọ, oṣù 6 ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 6 ni àìrọ́mọbí ń bá ní àkókò kan láyé wọn. Nínú iye tí ó súnmọ́ ìdajì àwọn tọkọtaya bẹ́ẹ̀, ọkọ ní ọwọ́ nínú ìdí rẹ̀. Yíyẹ àtọ̀ ọkùnrin wò kò gba abẹ, owó rẹ̀ kò sì tó ti iṣẹ́ abẹ rárá. Síbẹ̀, obìnrin tí a bá ti rí àpò omi lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo ilé máa ń nàka sí, ọkọ a sì fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó yẹ òun wò.

Obìnrin tí dókítà bá ní kí ó padà wá fún síkáànì kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí ó mú ìwé ti àkọ́kọ́ dání, nítorí ìwọ̀n tí a kọ sínú rẹ̀ ni a óò fi mọ̀ bóyá àpò náà ń súnkì tàbí ó ń wú. Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni ó dára jù láti lọ, nítorí àpò ti oṣù tuntun kò tíì wú nígbà náà.