Owó-orí lórí Tẹ́tẹ́: Ta ni ó ni Àṣẹ?

Ẹni tí ó bá ti Bẹẹrẹ rìn lọ sí Ọjàa'ba yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí a ti ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn kan ń kọ nọ́ńbà lọ́tò, àwọn mìíràn ń dá owó lé bọ́ọ̀lù tí a ń gbá ní ìlú òyìnbó. Ta ni ó ni àṣẹ lórí òwò yìí, èló sì ni owó-orí ń mú nínú ohun tí ènìyàn bá jẹ?

Ní ọdún 2005, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2008, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni àwọn adájọ́ tó fi ohùn kan fagi lé òfin náà ní gbogbo ìpínlẹ̀; ó ku Àbújá nìkan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 to àwọn ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ lè ṣe òfin lé lórí lẹ́sẹẹsẹ, lọ́tìrì kò sì sí nínú wọn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ ni. Báyìí ni ọ̀ràn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ Bẹyẹrúnkà ṣe di ti ìjọba tí ó wà ní Agodi.

Owó-orí ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní 2024 ni pé kí a yọ 5 nínú 100 lára owó tí ẹni tí ń gbé ní ilẹ̀ yìí bá jẹ, kí a tó san án fún un. Ẹni tí ó jẹ 100,000 náírà yóò gba 95,000. Bí ó bá ti pàdánù ní ìgbà mẹ́sàn-án kí ó tó jẹ ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ẹ̀ẹ̀kẹwàá yẹn nìkan ni ayọwó rí.

Ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, kò bu owó-orí kankan lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún. Alátà Ọjàa'ba tí èrè rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Akọ̀wé tẹ́tẹ́ kò mọ èrè rẹ̀. Ó ti yọ owó ná.

Ní 1968, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà gòkè lọ sí Màpó nítorí owó-orí. Àgbẹ̀ mọ iye tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ó béèrè. Èyí tí a yọ lára tẹ́tẹ́, ó ti lọ kí olówó tó fojú kàn án. Ó kéré tán, kí akọ̀wé kọ iye tí ó yọ sínú ìwé, kí ó sì fi í lé ẹni tí ó jẹ lọ́wọ́, kí onítọ̀hún lè rí ohun mú lọ sí ọ́fíìsì owó-orí.