Balk: Ọ̀rọ̀ Tó Ti Oko Wá

Balk ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹni tó dé ẹnu nǹkan tán, tó wá yarí. Ó ju ìlọ́ra lásán lọ, nítorí ẹni tó ń lọ́ra ṣì lè ṣe nǹkan náà tó bá yá. Oníbàárà tó yẹ bàtà wò, tó wọ̀ ọ́ rìn síwá sẹ́yìn, tó wá gbọ́ iye rẹ̀, tó sì dá a padà sórí àtẹ, ohun tó ṣe nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ England ní 1066. Balca ni nígbà náà, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni: ilẹ̀ gbọọrọ tó ga bí ebè ló ń tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ìtì igi ni ọ̀rọ̀ tó bá a tan ń jẹ́. Àwọn ará Ítálì yá a fún pèpéle tó yọ síta lára ilé òkè, ibẹ̀ sì ni bálíkónì ti wá. Àwọn òkè Balkan kò bá a tan rárá. Èdè Tọ́kì ni orúkọ tiwọn.

Lóko ni ìtàn náà ti dùn jù. Ní ọ̀pọ̀ abúlé England àtijọ́, oko gbalasa tí kò ní ọgbà ni gbogbo ará abúlé jọ ń dá. Wọ́n á pín in ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ti ẹnìkan á wà níhìn-ín, á tún wà lọ́hùn-ún. Màlúù ló sábà ń fa ohun ìtúlẹ̀. Ibi tí irin rẹ̀ kò kàn, tó yọ sókè láàárín poro méjì, ni balk. Wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ṣe ààlà. Ó sì lè jẹ́ àìfarabalẹ̀ àgbẹ̀. Abúlé Laxton ní Nottinghamshire ṣì ń dá irú oko bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìnlá ń lọ sópin, ó di ọ̀rọ̀ ìṣe: kí àgbẹ̀ fo ilẹ̀ kan láìtú. Kò pẹ́ tó fi kúrò lóko. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fo iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ kan náà ti balk. Lẹ́yìn náà ló kan ẹṣin. Ẹṣin tó ń sáré bọ̀, tó dé etí kòtò tó yẹ kó fò, tó wá ki ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, tí ẹni tó gùn ún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ re ilẹ̀, láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí. Ìyípadà ńlá nìyẹn: ebè tí ohun ìtúlẹ̀ fò kọjá ti di ohun tí ẹṣin kọ̀ láti fò.

Ìtumọ̀ àtijọ́ kò tíì parẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń fi orúkọ yìí pe ògiri ilẹ̀ tí wọn kò wà láàárín kòtò méjì, kí wọ́n lè rí bí ìpele erùpẹ̀ ṣe lé ara wọn. Àwọn ará Bìrìtìkó sábà ń kọ ọ́ ní baulk. Balk ni ti Amẹ́ríkà. Nínú eré baseball tiwọn, bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ti gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ jù ú, tó wá dáwọ́ dúró, adájọ́ á kéde balk, àwọn alátakò tó ti wà ní ibùdó (base) á sì sún síwájú sí ibùdó tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́.