Ṣé Ọyẹ́ Ni Tàbí Sóòtù? Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Afẹ́fẹ́ Port Harcourt Mọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, àwọn kan á ní eruku dúdú tó ń bà lé aṣọ tí a sá ní Port Harcourt, ọyẹ́ lásán ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀.

Ní Kano, yẹ̀pẹ̀ láti aṣálẹ̀ ló pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ nígbà ọyẹ́. Ní Èkó, Báǹkì Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọkọ̀, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ jù. Ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ wà níbí náà. Àmọ́ láti ìparí 2016 tí sóòtù ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí jù ni kpofaya, ìyẹn epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè ní bòókẹ́lẹ́ nínú igbó etí odò, àti epo tí àwọn agbófinró gbà tí wọ́n dáná sun. Ní oṣù Kìíní 2022, Gómìnà Nyesom Wike pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ibùdó kpofaya pa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èéfín yàtọ̀? Àwọn onímọ̀ máa ń fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́, wọ́n á wá yẹ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn wò. Àwọn kẹ́míkà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PAH, oríṣiríṣi ni wọ́n. Bí igi ìdáná ṣe ń tú wọn jáde kọ́ ni ti dísù, ti epo rọ̀bì tún yàtọ̀. Wọ́n á fi ọ̀kan wé èkejì, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó mọ̀ pé iyọ̀ ju ata lọ.

Nílé, ẹ fi aṣọ funfun nu fèrèsé. Eruku ọyẹ́ á pọ́n ráúráú, omi á sì fọ̀ ọ́ kúrò. Sóòtù á dúdú, á máa yọ̀ bí ọ̀rá. Ṣùgbọ́n aṣọ ò lè sọ bóyá jẹnẹrétọ̀ ni tàbí kpofaya. Ẹ̀rọ ló lè sọ ìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọ̀kan nínú PAH, benzo[a]pyrene, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Èyí tó kéré jù nínú èéfín náà, ìbú rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú 30 ìbú irun orí, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń lọ.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ tútù nu ilé, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ bo omi àti oúnjẹ. Ìbòmú N95 dára ju ti aṣọ lọ. Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ìjọba bá sì pè wá sí ìpàdé, ká béèrè pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò asẹ́ hàn wá. Ẹni tó mọ ibi tí èéfín ti ń rú ló mọ ibi tí yóò bu omi sí.