Eérú Àárò àti Omi Dóńgóyárò Lórí Ebè Ẹ̀fọ́

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ó ń pinnu irú oògùn tí yóò wọ inú ọbẹ̀. Oníbàárà pẹ̀lú ń pinnu rẹ̀. Bí ìyàwó ilé bá dé ìdí àtẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́, tẹ̀tẹ̀ tí kòkòrò ti lu ewé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí ó ń dán bíi dígí ni yóò mú. Alágbàtà mọ èyí, a sì máa kìlọ̀ fún olóko kí ó tó san owó ebè. Nígbà mìíràn, olóko a gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn ní àṣálẹ́, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹ̀fọ́ ti dé ọjà. Ìwé ara agolo oògùn sọ iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wà láàárín fífín àti kíká, ṣùgbọ́n gbèsè kì í dúró de ìwé ara agolo.

Àṣà oko ẹ̀fọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìnkùlé àti etí ààtàn ni àwọn ìyá àtijọ́ ń gbin ewédú, gbúre, ṣọkọ àti ìgbàgbá sí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibi tí a ń da ilẹ̀ sí ni ilẹ̀ ti ń lọ́ràá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀. Eérú tí wọ́n bá kó nínú àárò ni wọ́n ń wọ́n sórí ewé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà níbẹ̀, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kì í sì gbin irú kan ṣoṣo sójú kan. Ilá wà láàárín ẹ̀gẹ́, ata wà lẹ́bàá ewédú, kòkòrò tí ó bá fẹ́ràn ọ̀kan yóò máa wá a kiri. Èyí kò wí pé gbogbo nǹkan ni ó dára láyé ìgbà náà. Kòkòrò jẹ oko tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Bí ibì kan bá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó di igbó, wọn a sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Ta ni ó rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá Èkó tàbí Ìbàdàn lónìí?

Kòkó ni ó mú oògùn kòkòrò wọ ilé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣe oko kòkó kò lè gbàgbé Gammalin 20, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tí ń fa omi ara igi kòkó mu. Lindane ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn kan ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja, ìyẹn ẹja tí ènìyàn yóò jẹ! Ní 2009 ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka lindane mọ́ àwọn oògùn tí ó yẹ kí ayé pa tì. Endosulfan tẹ̀lé e ní 2011. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, endosulfan ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín 1999 sí 2000. Nítorí òwú ni wọ́n ṣe pín in fún àgbẹ̀; ṣùgbọ́n oògùn òwú kò jókòó sí oko òwú, ó rìn títí dé ebè àwọn olóko ẹ̀fọ́ ní ìhà Kútọnu. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin de paraquat, oògùn tí a fi ń pa koríko, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Nínú ohun tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń fi rọ́pò irú oògùn wọ̀nyí, dóńgóyárò wà lára èyí tí ó gba iwájú. Ìhà India ni igi yìí ti wá, èdè Hausa ni a sì ti yá orúkọ rẹ̀; síbẹ̀ àgbàlagbà wo ni kò mọ àgbo rẹ̀ fún ibà? Agbára rẹ̀ pọ̀ nínú kóró ju inú ewé lọ. A ó ṣa èso tí ó pọ́n, a ó bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, a ó sì sá kóró náà sí ibòòji. Èyí tí ó bá bu kò wúlò mọ́. A ó gún ìdajì kílò inú kóró yìí, a ó pò ó mọ́ omi lítà 10, yóò sùn di ọjọ́ kejì, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Àṣálẹ́ ni à ń fín in, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bí oògùn inú ìgò. Azadirachtin tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìdin lè jẹun dáadáa, tí kì í sì í jẹ́ kí ó lè bọ́ awọ dàgbà. Ibi tí àwọn mìíràn ti ń ṣì í mú nìyí: wọ́n fín in lónìí, wọ́n rí kòkòrò láàyè lọ́la, wọ́n ní irọ́ ni. Ẹni tí ó bá mú sùúrù di ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì tún un fín, ni ó ń rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ kò wọ́n, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́, a sì máa kó àrùn sára ewé. Ó gbọ́dọ̀ jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ewéko kíkorò olódòdó pupa rúsúrúsú tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tí ó kún ẹ̀bá títì, dára láti gé mọ́ ilẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ oko Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di oúnjẹ ilẹ̀ àti ti ẹja. Ní Benin yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn ní 2006 pé àwọ̀n ẹ̀fọn tí a bò mórí kábéèjì ní alẹ́, tí a sì ṣí ní ọ̀sán, ń dènà labalábá kékeré tí oògùn kò ràn mọ́.

Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tan olóko jẹ lórí ìyẹn. Oògùn ìgò, ọjà ni a ti ń rà á. Kóró dóńgóyárò, ṣíṣà ni, gígún ni, sísẹ́ ni. Ẹni tí ó bá jáwọ́ lójijì lè pàdánù ebè rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń jẹ kòkòrò ti bá oògùn lọ, wọn kì í sì í tètè padà. Nítorí náà, ebè díẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n jù, nígbà tí kì í sí èso dóńgóyárò nílẹ̀. Ẹni tí yóò bá lò ó ní àkùrọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣa á nígbà tí ó ń já bọ́, kí ó sì fi í pamọ́ sínú àpò tí afẹ́fẹ́ lè wọ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ ọmọdé tó ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé.