Bí Èkó ṣe ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀

Ní òru tó wọ ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1960, orí pápá ìdíje ẹṣin ní Erékùṣù Èkó, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tafawa Balewa Square lónìí, ni wọ́n ti sọ àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá fẹ́ẹ́ wò ó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ tó gba agbára lóru ọjọ́ náà kò ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kankan. Àwòrán tí àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó díẹ̀ ń wò nínú ilé wọn nígbà náà, ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, láti Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń darí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ jẹ́ àjèjì sí Èkó. Láti ọjọ́ 1, oṣù kejìlá, ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ti ń fa wáyà wọ inú ilé àwọn èèyàn nílùú náà, tí wọ́n ń so ó mọ́ àpótí kékeré kan lára ògiri. Àpótí yìí kò fún olówó rẹ̀ láǹfààní láti yan ohun tó fẹ́ẹ́ gbọ́. Kó tàn án tàbí kó pa á ni ti onílé. Àwọn Yorùbá wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe rò lọ, nítorí ọ̀rọ̀ èsì gan-an ló bí amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà.

Lọ́dún 1953, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nípa ìgbà tí Nàìjíríà yóò gba ìjọba ara rẹ̀, gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olórí ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ fún un. Nígbà tí òfin gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, Awólọ́wọ̀ kò dúró lórí rédíò nìkan. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Arábìnrin Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí òpó tó wà n'Ìbàdàn, wọ́n ri òmíràn sí Abafọn lápá Ìkòròdú, kí àwòrán lè dé Èkó. Ibi tí ìjọba àpapọ̀ fìdí kalẹ̀ sí ni òpó yìí dojú kọ, kò sì dájú pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ó di ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 1962, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ ní Victoria Island, lẹ́bàá Erékùṣù Èkó. Àwọn ará Amẹ́ríkà, NBC International, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún láti bójú tó fún ọdún márùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Èkó àti agbègbè rẹ̀ nìkan ni àwòrán rẹ̀ ń dé níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré Village Headmaster tí Olóyè Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé kalẹ̀ ti jáde lọ́dún 1968. Síbẹ̀, ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ ló máa ń ṣáájú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ọmọ Èkó, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni.

Nígbà tó yá, àwọn ológun gba gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òfin kẹrìnlélógún ọdún 1977, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1976, ló dá NTA sílẹ̀, tó sì kó WNTV àti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Awólọ́wọ̀ fi gba ẹ̀tọ́ èsì di ti ìjọba àpapọ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 ló tún ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní ìpínlẹ̀ lè ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀. Ẹni tó di gómìnà Èkó lọ́dún náà ni Alhaji Lateef Jakande, ọmọ tí wọ́n bí ní Epétẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, lọ́dún 1929. Oníròyìn ni kó tó di olóṣèlú, òun ló sì darí ìwé ìròyìn Nigerian Tribune fún Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sí yàrá ìròyìn Tribune láyé ọjọ́ọ̀sí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé ìjọba tí kò ní ohùn, ọ̀tá rẹ̀ ni yóò máa ròyìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 1980, LTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agídíńgbì, n'Ìkẹjà.

Orí ìkànnì 8 àti ìkànnì 35 ni wọ́n ti rí i, èyí tí kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ṣe é rí ní Nàìjíríà. Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì rèé. Ìkànnì 8 wà nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní VHF, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó bíi mítà kan àbọ̀. Ti ìkànnì 35, tó jẹ́ UHF, kò ju bíi ìdajì mítà lọ. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ló ṣe ń rọrùn fún un tó láti yí ilé gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ìgbì kúkúrú a máa kọ́ lára ògiri. Láti Agídíńgbì dé Ìsàlẹ̀ Èkó kò dín ní kìlómítà 15, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì fún pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pá áńtẹ́nà fi ń gùn sí i lórí òrùlé, tí ọmọ kan yóò wà lókè tí yóò máa yí i, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò máa pariwo pé ó ti mọ́lẹ̀ tàbí kò tíì mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò tilẹ̀ lè mú UHF rárá. Títí di òní, LTV 8 lọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ilé-iṣẹ́ náà.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí NTA máa ń ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, tí yóò sì ti í nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, LTV bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún wákàtí 60 láìdánudúró, láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lagos Weekend Television ni wọ́n pè é. Wákàtí 60 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lóru àti lọ́sàn-án, téèpù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí èyí tó ń yí lọ́wọ́ tó tán, jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́, nítorí bí iná bá lọ, òpó kò lè ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ ìdí tí ìlú fi nílò irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wo ọjọ́ Àdàmú Òrìṣà, bó ṣe jáde ní ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 2017. Fìlà ni wọ́n fi ń mọ Ẹ̀yọ̀: ti Adímú dúdú, ti Lábà pupa, ti Oníkò jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ti Ológèdè jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Àgẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Láyé amóhùnmáwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun, àwọ̀ eérú ni pupa Lábà àti àwọ̀ ewé Ológèdè jọ ń dà lójú ẹni tó wà nílé. Kódà nígbà tí àwọ̀ dé, aṣàlàyé tí kì í ṣe ọmọ ìlú yóò kàn ní àwọn èèyàn aláṣọ funfun ń jó ni. Ọmọ Èkó tó di kámẹ́rà mú mọ èyí tó ń bọ̀, ó mọ ìgá tó ti jáde, ó sì mọ̀ pé kí òun bọ́ bàtà kí ọ̀pámbàtà tó dé ẹ̀yìn òun.

Owó ìjọba, owó ìpolówó ọjà àti owó àwọn tó ń ra àkókò fún ètò wọn ló ń gbé irú ilé-iṣẹ́ báyìí ró. LTV tún ń fi gbọ̀ngàn Blue Roof tó wà nínú ọgbà rẹ̀ háyà fáwọn olóde. Òfin kejìdínlógójì ọdún 1992 ti jẹ́ kí aládàáni wọ iṣẹ́ náà, Channels sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1995. Lẹ́yìn náà ni àwọn onísátẹ́láìtì dé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lójoojúmọ́, tí wákàtí 60 kò fi jẹ́ ìyanu mọ́.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2021, wọ́n ṣí ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ oní-díjítà l'Ékòó. Nínú ètò tuntun yìí, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kò ní máa fi òpó ara rẹ̀ gbé àwòrán mọ́; yóò kó o fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ìjọba àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ, ìyẹn ni yóò sì pín in fún àwọn tó ní àpótí kékeré tó ń gbà á. Àwòrán yóò mọ́ kedere, kò ní sí ọ̀rọ̀ àtigun òrùlé mọ́. Ṣùgbọ́n òpó tí Awólọ́wọ̀ rì sí Abafọn, àti èyí tí Jakande rì sí Agídíńgbì, ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni wọ́n wà. Èyí tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ Èkó kiri báyìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.