Bí Aago Méjì Kò Bá Bára Mu, Ìpè Á Já

Tí ìpè bá já ní abúlé, òjò la máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Tógò, ohun mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: aago. Kì í ṣe aago ọwọ́ o. Aago inú mọ́dẹ́mù sátẹ́láìtì la ń sọ.

Okùn SAT-3 tó gba abẹ́ òkun ti ń gbé ìpè wọ Kútọnu láti ọdún 2002, ṣùgbọ́n irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í dé gbogbo oko. Níbi tí kò bá dé, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbé àwo ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ òpó rẹ̀, kí ó kọjú sí sátẹ́láìtì tó wà ní 35,786 kìlómítà lókè. Mọ́dẹ́mù ló ń sọ ọ̀rọ̀ wa di àmì tó ń gòkè lọ, òun náà ló sì ń tú èyí tó bá bọ̀ wálẹ̀.

Báwo ni ọ̀pọ̀ ìpè ṣe ń gba ọ̀nà kan? Ẹ fi ojú inú wo bọ́ọ̀sì oníjókòó 32. Lórí ọ̀nà àjùmọ̀lò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní E1, irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ 8,000 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìjókòó kan ń fi ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì hàn, òmíràn sábà máa ń gbé iṣẹ́ pípe nọ́ńbà. 30 tó kù ni ti ìpè. Èrò kò ní orúkọ lára, nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ la fi ń mọ ibi tó ń lọ.

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ ọjà. Oníṣòwò tó bá ṣi ọjọ́ kà, lẹ́yìn tí ọjà ti tú ni yóò gbẹ́rù dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí mọ́dẹ́mù ìlú àti ti abúlé bá ń ka àkókò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bọ́ọ̀sì kan á sọnù, tàbí kí a ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Aago tó fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀ sí èkejì kò ní ṣì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32 lọ lọ́dún kan. Ta ni yóò bínú sí irú aago ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n lórí E1, ìyàtọ̀ yẹn ń ba bọ́ọ̀sì kan jẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 125. Létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dún “ta!” Bó bá jẹ́ ìwé tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wà lọ́nà, ó lè bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ òpó GSM tún ń fi aago tó gba ọ̀nà yìí wá tọ́ ìgbì wọn, àṣìṣe ìgbì náà kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 mílíọ̀nù lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìpè ẹni tó wà lórí alùpùpù lè já bó ti ń kúrò lábẹ́ òpó kan bọ́ sí òmíràn.

Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ máa ka ọjọ́. Aago ìlú sábà máa ń ṣe olórí, ti abúlé a sì máa tẹ̀lé àkókò tó bá àmì wá láti òkè. Bí kálukú bá ń dá tirẹ̀ kà, wàhálà dé. Bí àwọn méjèèjì bá sì ń tẹ̀lé ara wọn, kò sí aṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó náà kò kéré. Èrò tirẹ̀ nìkan ni mọ́dẹ́mù abúlé ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìlú bá fi èrò sí ìjókòó 1 sí 6, tí abúlé sì ń ṣí 7 sí 12, fóònù lè dún, kí ẹ gbé e, kí ẹ má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan jìn ju èkejì lọ. Láti ilẹ̀ dé òkè padà sílẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìpè láti abúlé kan sí èkejì bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ìlú, ẹ̀ẹ̀mejì ló gòkè. Kí ìbéèrè tó lọ, kí èsì tó dé, ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá, àwọn méjèèjì á sì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu.

A kọ èyí nítorí pé àtúnṣe aago àti ìjókòó kì í sábà béèrè ẹ̀rọ tuntun. Ètò inú mọ́dẹ́mù ni wọ́n ń yí padà. Ṣùgbọ́n “rẹ́sò kò dáa” nìkan kò tó fún ẹni tó wà ní ìlú láti mọ ohun tó ń ṣe òpó yín. Ṣé ìpè ń ta létí lóòrèkóòrè nígbà tí ojú ọ̀run mọ́? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹ aago wò. Ṣé ìgbà òjò ńlá nìkan ni? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àmì ni kò lágbára tó. Ṣé ó ń dún láìsí ohùn? Kí wọ́n wo ìjókòó.

Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà bá yín fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ fóònù. Ẹni tó ń pe nọ́ọ̀sì lóru nítorí aboyún kò lè dúró de ìgbà tí aago méjì bá tó ṣe ọ̀kan.